Àìmọ̀ Kọ́ Ni Ìṣòro Àwa Nọ́ọ̀sì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín pé àwọn nọ́ọ̀sì kì í gba obìnrin níyànjú láti ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ nítorí pé wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀, kò fọwọ́ ba ibi tó ń dùn wá.

A mọ̀. A mọ̀ pé kòkòrò HPV, tí à ń kó nípa ìbálòpọ̀, ló ń fa jẹjẹrẹ yìí, àti pé ó máa ń pẹ́ lára fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di jẹjẹrẹ. Ìwádìí kan láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ní Nnewi, tó jáde ní 2006, fi hàn pé ọ̀pọ̀ wọn ló gbọ́ nípa àyẹ̀wò yìí, ṣùgbọ́n àwọn tó ti ṣe é rí kò pé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìtìjú ni kì í jẹ́ ká ṣe é, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ta ló fẹ́ bọ́ra sílẹ̀ níwájú ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan náà? Ẹ̀rù èsì náà tún ń bẹ. Nọ́ọ̀sì tí kò sì ṣe é rí, ẹnu rẹ̀ kì í gbà á láti rọ aláìsàn pé kó lọ ṣe é.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan kò lè wo èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i pé obìnrin lè fi òwú àyẹ̀wò HPV gba nǹkan lójú ara fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin aláṣẹ ilé ìwòsàn, ẹ fún àwọn nọ́ọ̀sì yín ní òwú yìí lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ohun tí nọ́ọ̀sì bá fi gbà wò níbòmíràn, kí àṣírí má baà tú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí.

Nọ́ọ̀sì kan,
Ìbàdàn