Ọmọ-Ogun Tí Ó Bọ̀ Wálé

Ẹ̀yin ọba, ìjòyè àti akọ̀wé ilẹ̀ Yewa, nígbà tí ọmọ-ogun bá bọ̀, ìlù ni a fi ń pàdé rẹ̀; ta ni ń bi ìyàwó rẹ̀ bí ó ti sùn? Ọkùnrin a máa pariwo lóru, a máa sá fún ọmọ ara rẹ̀. Àwọn ará ilé a ní àsàsí ni, wọn a gbé ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ jáde.

Ní 1944, nígbà ogun Hítílà, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Lántòrò, l'Ábẹ́òkúta, ni ìjọba fi tọ́jú àwọn sójà tí orí wọn dàrú lójú ogun. (Ẹ wo ilé tí a fi yẹ́ wọn sí!) Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò wá fi aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí Àrò ká: ìbátan kan ní láti bá a wá, láti máa se oúnjẹ rẹ̀, lọ́sàn-án a lọ sọ́dọ̀ dókítà, lálẹ́ a padà sáàárín ènìyàn.

Láti 2009 ni ogun Boko Haram ti ń jà, ọmọ Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Bí aya irú wọn bá mú ẹjọ́ wá sí ààfin, n'Ílaròó tàbí n'Áyétòrò, ẹ má ṣe yára tú ìgbéyàwó náà. Bí ọkọ bá ń lù ú, kí obìnrin kọ́kọ́ kúrò nílé; ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe de ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Àrò kò jìnnà: ẹ yan ìbátan tí yóò bá a lọ, kí ẹ sì bá wọn wá owó ọkọ̀.