Ọ̀gá Oníwáyà, Ẹ̀mí Ọmọ Ọlọ́mọ Wà Lọ́wọ́ Yín



Iṣẹ́ wáyà ń tà ní Ìkirè àti Apòmù, ìlú wa méjèèjì. Àwọn onílé ń kọ́ ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó ní ọgbà ní Ìkirè, sólà àti inverter sì ń wọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń fa ọmọ wọn lé ọ̀gá oníwáyà lọ́wọ́. Iṣẹ́ gidi ni, ó ń bọ́ ìdílé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àṣìṣe kan ṣoṣo lè gba ẹ̀mí ni.

Lọ́jọ́ tí ọmọ bá wọṣẹ́, kí ni à ń bá ọ̀gá sọ? Iye ọdún, owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti owó fírídọ̀mù. A ó kìlọ̀ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ jalè, kò gbọdọ̀ pẹ́ lẹ́yìn, kò gbọdọ̀ sá. Ta ló ń bi ọ̀gá pé, “Ta ni yóò dúró ti ọmọ mi nígbà tó bá wà lórí àkàbà?”

Ohun tí à ń rí ni pé ọ̀gá yóò gba iṣẹ́ méjì lọ́jọ́ kan, yóò fi ọmọ sílẹ̀ síbi kan, yóò sì máa darí rẹ̀ lórí fóònù. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ọmọ rò pé bí IBEDC bá ti mú iná lọ, kò séwu mọ́. Ọ̀gá ló mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ tí kò ní changeover lè dá iná padà sínú wáyà, àti pé bátìrì inverter kò bá NEPA lọ. Fólítì 230 ni iná inú ilé. Ti orí òpó tó 11,000 tàbí 33,000. Iná tí kò tó ìdajì èyí tí gílóòbù wáàtì 60 ń lò, bó bá gba àyà kọjá, ó lè dá ọkàn dúró.

Nítorí náà, ojúṣe ọ̀gá kò ṣòro láti kà. Kí òun fúnra rẹ̀ pa iná, kí ó yọ fíúsì, kí ó fi sápò. Kí ó fi tẹ́sítà yẹ wáyà wò, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ dán tẹ́sítà náà wò níbi tí iná wà, nítorí tẹ́sítà tó ti bàjẹ́ kò ní tàn rárá. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, paípù àti ògiri gbígbẹ́ ni tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà tó ní iná. Òpó IBEDC kì í ṣe ti ọ̀gá, áńbọ̀sì ọmọṣẹ́. Bí ọmọ bá sì wí pé, “Ọ̀gá, n kò tíì mọ̀ ọ́n,” kí wọ́n kọ́ ọ, kí wọ́n má gbá a létí.

Òfin náà kò dákẹ́. Òfin iṣẹ́ ti 1974 fẹ́ kí àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ wà nínú ìwé, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i. Òfin ti 2010 lórí owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó fara pa ka ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. NEMSA, tí òfin 2015 gbé kalẹ̀, ló ń fún oníwáyà ní ìwé ẹ̀rí.

Àwọn ọ̀gá kan yóò wí pé báyìí ni àwọn náà ṣe kọ́ ọ, iná gbé àwọn, àwọn kò kú. Òótọ́ ni. Ẹni tí iná kò pa ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pa kò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí.

Ẹ̀bi náà kò mọ sọ́dọ̀ ọ̀gá nìkan. Onílé tó ń dúnàádúrà títí ọ̀gá fi ní láti pín ara rẹ̀ sí ọ̀nà méjì ní ìpín tirẹ̀. Àwa ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Nígbà tí a bá ń so iná ìsọjí ìta gbangba ní alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la, ọmọ ta ló ń gun òkè? Deutarónómì 22:8 pàṣẹ kí ẹni tó kọ́ ilé mọ odi yí òrùlé ká, kí ẹnikẹ́ni má baà jábọ́. Kí ìṣubú tó dé ni a ń mọ odi.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọmọ kò ní dá ṣiṣẹ́ iná, àti pé bí iná bá gbé e, ọ̀gá ni yóò gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá rere kò ní bínú sí i. Èyí tó bá bínú, ẹ mú ọmọ yín padà sílé.