Ta Ni Yóò San Gbèsè Ọmọ?

Ẹ̀yin ará mi ní Sábọ́n-Gàrí! Ẹ mọ̀ mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gba owó oṣù lọ́wọ́ yín, tí ń kọ ọ́ sínú ìwé, tí sì ń ka orúkọ àwọn tí ó jẹ gbèsè sókè lọ́jọ́ ìpàdé. Lónìí, gbèsè tèmi ni mo fẹ́ kà. Èmi kì í ṣe pásítọ̀, n kì í sì í ṣe àáfà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó dé ìdí abọ́ títà. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, kí àwọn ọ̀mọ̀wé àárín wa bá mi tọ́ ọ.

Ọmọbìnrin ni àbíkẹ́yìn mi, ó ti pé ọdún 3. Nígbà tí a bí i, mo ti lé ní ogójì ọdún, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ mi lọ́tùn-ún lósì. Ọjà kò yá nígbà náà. Gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò, mo fẹ́ mọ ibi tí owó mi ń gbà lọ. Mo ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìṣirò ọjà mi, mo kọ "Ọmọ" sí òkè rẹ̀, mo sì fa ìlà sí àárín. Apá òsì ni mo ń kọ ohun tí ó ná mi sí: ọṣẹ, aṣọ, oògùn ibà, bàtà tí ó wọ̀ fún oṣù 2 péré kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ ọ́. Apá ọ̀tún ni kí n máa kọ ohun tí ó bá wọlé sí. Oṣù 3 kọjá, òsì kún dẹ́múdẹ́mú, ọ̀tún ṣófo bí ọjà ọjọ́ òjò.

Ìyàwó mi rí ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ omi ọmú mi náà sí i. Èló ni ẹ ó ṣírò rẹ̀ sí?" N kò rí èsì fọ̀. Ọmọ náà mu ọmú fún ọdún kan àti ààbọ̀, tọ̀sán tòru. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé kí a má fún un ní ohun mìíràn, àní omi pàápàá, títí yóò fi pé oṣù 6. Ó ní bí ọmọ bá ti ń mu ún tó ni ọmú yóò máa sun tó. Mo ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo rò ó bọ̀. Àpò ìrẹsì tí a bá ń bù nínú rẹ̀ ń dínkù ni, ṣùgbọ́n ọmú ìyá, bí a ti ń mu ún ni ó ń wá sí i. Ẹni tí ó dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ahun. Ẹ̀yin Mùsùlùmí ẹgbẹ́ wa sì mọ̀ pé Súrà kejì nínú Àlùkùránì sọ̀rọ̀ ọdún 2 gbáko fún ìyá tí ó bá fẹ́ fún ọmọ lọ́mú pé. Ọlọ́run ti pèsè oúnjẹ yìí kí ọmọ tó ní ẹnu tí yóò fi tọrọ rẹ̀.

N kò wí pé ohun gbogbo tí ọmọ bá ń fẹ́ ni a ń fún un. Ọmọ mi ti sunkún títí nítorí abẹ tí mo fi ń gé okùn ẹrù, n kò sì fún un. Nínú Mátíù orí 7, Jésù fi bàbá ọmọ ṣe àpèjúwe: bàbá kì í gbé òkúta fún ọmọ tí ebi ń pa. Ohun tí èmi rí kún un ni pé nígbà mìíràn, òkúta gan-an ni ọmọ ń bèèrè, tí ó sì rò pé oúnjẹ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n ń wá ọmọ, àwọn kan sì ti sin ọmọ. N kò ní àlàyé fún ìyẹn, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí ojú mi rí nìkan ni mo ń sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù tí ó kọjá, mo ra kúlíkúlí bọ̀ fún un láti ọjà. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń jẹ ẹ́. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ó dìde, ó mú èyí tí ó ti fi eyín gé, itọ́ wà lára rẹ̀, ó tì í sí mi lẹ́nu. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ." Mo jẹ ẹ́, inú mi sì dùn ju ti ọjọ́ tí mo ta dọ́sìnì abọ́ 10 lọ. Owó ta ni a fi rà á? Owó mi ni. Ta ni ó gbé e wá sílé? Èmi ni. Síbẹ̀ mo gbà á bí ẹ̀bùn, mo sì pe ìyá rẹ̀ kí ó wá wò ó. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí sàráà àti ìdámẹ́wàá wa jẹ́ níwájú Ọlọ́run. Kúlíkúlí tí a ti gé jẹ ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ó máa yan bí ẹni tí Ọlọ́run jẹ lówó.

Ohun tí n kò tíì sọ nìyí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ọ̀dọ́mọkùnrin aránṣọ kan nínú wa wá bá mi. Ìyàwó rẹ̀ bímọ, ó ku ọjọ́ 3 kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Ìlànà wa ni pé ẹni tí ó bá jẹ owó oṣù ju oṣù 3 lọ kò ní gba owó ìkómọ. Oṣù 4 ni ó jẹ. Mo ṣí ìwé, mo nàka sí orúkọ rẹ̀, mo pa ìwé dé. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá Akọ̀wé," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ rántí iná tí ó jó ọjà Sábọ́n-Gàrí ní oṣù kẹta ọdún 2016. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù ni ó lọ síbẹ̀, tèmi sì wà nínú wọn. Ẹ̀yin ni ẹ gbé oúnjẹ wá fún wa, ẹ̀yin ni ẹ dá owó tí mo fi tún bẹ̀rẹ̀. Oṣù 5 ni mo jẹ nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó ṣí ìwé. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kúlíkúlí ọmọ mi há mi lọ́fun.

Nítorí náà, èmi yóò gbé ọ̀rọ̀ kan wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ rò ó kí ẹ tó wá. Kí ìlànà oṣù 3 dúró lórí owó yíyá àti lórí oyè ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n kí a mú un kúrò lórí ìkómọ, àìsàn àti ìsìnkú. Kí a fún ẹni náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó nílò rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó máa san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan yóò ní, "Akọ̀wé, ta ni yóò tún san owó oṣù?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àwọn tí wọ́n lówó tí wọn kì í san wà, mo mọ̀ wọ́n, kí a sì bá wọn wí ní gbangba. Èmi náà ń bá ọmọ mi wí bí ó bá da omi nù, ṣùgbọ́n n kì í febi pa á nítorí rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí a bá ti wà lájò, ta ni ẹni tí a tún ní?

Mo lọ sí ìkómọ aránṣọ náà, mo sì fi owó ara mi kí ọmọ. Kí ẹ má yìn mí, ó kéré púpọ̀ sí ohun tí ẹ ṣe fún mi. Ojú ewé tí mo kọ "Ọmọ" sí, mo ti fà á ya. Ọmọ náà ni ó gbà á, tí ó fi ṣeré.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé ẹ̀ka yín