Ẹ̀rọ Tí Ń Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Ìlù

Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ ìlù ṣeré rárá. Wọ́n ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ìlù ní ẹnu, ó sì ní ohun tí ó ń fi ẹnu náà sọ. Ẹni tí ó gbọ́ dídún rẹ̀ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì gbọ́ ìlù. Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi máa ń gbọgbẹ́ nígbà tí mo bá rí ọ̀dọ́ tí ó dé hẹ́ẹ̀dìfóònù sórí, tí ó ń mi orí bí aláǹgbá, tí mo wá bi í léèrè pé kí ni onígángan ń wí nínú orin tí ó ń gbọ́ náà, tí ó sì dá mi lóhùn pé, "Bàbá, ẹ tiẹ̀ gbọ́ bí bééṣì rẹ̀ ṣe ń lù ná!" Bééṣì ń lù, ta ni ó wá ń sọ̀rọ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo kórìíra ẹ̀rọ yìí. Àwọn kan wà láàrin àwa tí a ń kọ̀wé nípa àṣà tí wọ́n gbà pé hẹ́ẹ̀dìfóònù ni ó tú agbo wa ká, pé láyé àtijọ́ a jọ ń gbọ́ orin ni, ṣùgbọ́n nísinsìnyí oníkálukú ti di etí tirẹ̀. N kò bá wọn lọ sí ọ̀nà yẹn. Ẹni tí ó bá ń gbé Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tàbí Ìsẹ̀, tàbí Ẹmùré, tàbí Àgbàdo, mọ ohun tí etí ń rí: jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń hó lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ alọta ń ké lápá òsì, ilé ìjọsìn méjì sì dojú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ ara wọn lójú títì. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn kan ṣoṣo láàrin gbogbo èyí gbọ́dọ̀ wá nǹkan bo etí.

Oríṣi méjì sì ni hẹ́ẹ̀dìfóònù tí ń bo gbogbo etí. Ọ̀kan ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, tí ó ní ihò wẹẹrẹ. Ohùn ń gba ibẹ̀ jáde, ariwo ìta náà sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Èkejì ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí pátápátá bí ìdérí ìkòkò. Àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀rọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà a máa yin ti àkọ́kọ́, wọ́n ní ohùn rẹ̀ ń mí. Inú yàrá tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí ni tiwa. Ẹjọ́ mi kò sí lórí pé a dí i. Ó wà lórí ohun tí àwọn tí ń ṣe é ń rọ sínú rẹ̀, àti lórí àwa tí a ń fi owó wa rà á láìbéèrè.

Owó náà kò sì kéré. Èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní olówó-àárín ni èyí tí iye rẹ̀ wà láàrin 100 sí 200 dọ́là. Ní oṣù keje ọdún 2024, tí ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ di 70,000 náírà, dọ́là kan ti ju 1,400 náírà lọ. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: èyí tí ó pọ́ọ́kú jù nínú àwọn olówó-àárín náà gba owó oṣù méjì gbáko, kò sì ku kọ́bọ̀ fún gààrí. Àárín ta ni èyí wà? Olùkọ́ tí ó bá tu irú owó bẹ́ẹ̀ jọ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú orin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ń gbọ̀n nínú hẹ́ẹ̀dìfóònù ni ó ń mú ohùn jáde. Bí ó ti ń ti afẹ́fẹ́ síwájú sí etí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń tì í sẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn bá ṣí, ohùn ẹ̀yìn á bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá dí, kò ríbi gbà. Á lu ògiri, á padà wá bá ti iwájú, á sì dà á rú. Ẹni tí ó bá ti ki orí bọ inú àmù òfìfo tí ó sì sọ̀rọ̀ mọ bí ó ti ń rí: ohùn á ki, á rinlẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì ní í já gaara. Ilé-iṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ a máa fi fóòmù àti ihò tí a fara balẹ̀ wọ̀n tọ́jú ohùn ẹ̀yìn yìí. Èyí tí kò mọṣẹ́, tàbí èyí tí ó mọ ọjà ju iṣẹ́ lọ, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á tún bu bééṣì kún un, á sì kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé bééṣì ni òun ń tà. Ọdún 2008 ni Beats gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, tí a mọ̀ mọ bééṣì líle. Nígbà tí ó fi di 2014, Apple san 3 bílíọ̀nù dọ́là láti ra ilé-iṣẹ́ náà. Owó ńlá wà nínú gbì-gbì-gbì.

Ṣùgbọ́n kí ni ó kan Yorùbá nínú ọ̀ràn yìí ju bí ó ti kan ẹlòmíràn lọ? Ó kàn wá púpọ̀. Ohùn tí ó wà nísàlẹ̀, bí ó bá ti pọ̀ jù, a máa bo èyí tí ó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí a ti dá etí ọmọ ènìyàn nìyẹn. Ohùn ọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀ a máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 150 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti obìnrin a sì máa tó nǹkan bí 200. Ibẹ̀ gan-an ni ariwo inú àmù yìí pàgọ́ sí. Bí ó bá bo ohùn òyìnbó, ọ̀rọ̀ òyìnbó lè yọ síbẹ̀, nítorí pé lílọsókè-lílọsódò ohùn kọ́ ni ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn lẹ́nu tirẹ̀. Lẹ́nu tiwa ńkọ́? Igba, igbá, ìgbà: kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà, ohùn nìkan ni onídàájọ́. Gángan tilẹ̀ burú ju ènìyàn lọ, nítorí pé kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ̀lì. Bí a bá gba ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni ó kù? Awọ àti igi.

Mo mọ èsì tí àwọn ọmọ wa yóò fọ̀. Wọn yóò ní bí bééṣì kò bá pọ̀, báwo ni ohùn ìsàlẹ̀ yóò ṣe dún? Èsì náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni tẹlifóònù kò fi í gbé ohùn kankan tí ìgbọ̀n rẹ̀ kò bá tó ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú-àáyá, tí kì í sì í kọjá 3,400. Síbẹ̀, Yorùbá ń fi tẹlifóònù tọrọ owó, wọ́n ń fi í fẹ́ ìyàwó, wọ́n ń fi í bú ara wọn, kò sì sí ẹni tí ó ṣi igbá gbọ́ sí ìgbà. Àwọn ohùn kéékèèké tí ó gun orí ohùn ìsàlẹ̀ ni etí ń gbà mú, òun ni ó sì fi ń mọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà. Ẹ tún rántí asọ̀rọ̀mágbèsì, àpótí rédíò onísáfẹ́fẹ́ olókùn tí ó dé Èkó ní 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Kí ni ó ní ní bééṣì? Nígbà tí rédíò Nàìjíríà wá ń fi ìlù dárúkọ ara rẹ̀ fún àwọn olùgbọ́ lẹ́yìn náà, àpótí kéékèèké tí ń han goro ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbọ́ ọ, ọmọdé àti àgbà sì ń jiyàn lórí ohun tí ìlù náà ń wí. A kì í jiyàn lórí ohun tí a kò gbọ́.

Àwa ará Èkìtì tilẹ̀ ní ẹjọ́ tiwa lọ́tọ̀. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá àjùmọ̀lò ní. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti fi hàn pé ti Èkìtì jẹ́ mẹ́sàn-án, nítorí pé i tiwa pé méjì, u tiwa pé méjì, ọ̀kan fún, èkejì ṣí díẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kéré, kò sì sí lẹ́tà fún un nínú ìwé tí a fi kọ́ wa; etí nìkan ni ó ń pa á mọ́. Ibi tí ó sì ń gbé nínú ohùn kò jìnnà sí àgọ́ ariwo tí mo wí lẹ́ẹ̀kan. Mo ti jókòó ti ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n ń da alámọ̀ kọ láti inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ti kọ ohun méjì tí kò jọra, tí oníkálukú sì fàáké kọ́rí. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ hẹ́ẹ̀dìfóònù. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, iyàn náà sì pààrọ̀ olówó: ẹni tí ó gbọ́ ọ kedere tẹ́lẹ̀ ni kò dá a lójú mọ́. Ìyá àgbà tí ó sun alámọ̀ náà ti lọ sí àjùlé ọ̀run, kò sí ẹni tí a lè bi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ bá gbọ́ fún wọn ni yóò wọ inú ìwé, òun sì ni ọmọ ọmọ wa yóò kà pé ó jẹ́ ti ìyá wọn. Ẹ wá sọ fún mi pé eré ìdárayá ni ọ̀rọ̀ hẹ́ẹ̀dìfóònù.

Ní ti ìrọ̀rùn, bí ẹni ń fi orí ẹlẹ́ran ṣe ìdánwò ni. Aago méjì ọ̀sán nínú oṣù kejì kì í ṣe ojú ọjọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Tìmùtìmù aláwọ-àdàmọ̀dì tí wọ́n fi yí ojú hẹ́ẹ̀dìfóònù ká, òógùn ni ó ń pọn, bí ó bá sì ṣe díẹ̀ á máa ho pàlàpàlà sí etí olówó rẹ̀ bí èèpo igi. Èyí tí a fi aṣọ ṣe sàn fún wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í di etí tó aláwọ. Orí tí wọ́n sì ní lọ́kàn, orí òfìfo ni. Ẹ wo ọpó tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàrin 1910 sí 1914, èyí tí ó wà ní Chicago báyìí: ọba gúnwà, adé rẹ̀ ga, ẹyẹ bà lé e. Níbo ni hẹ́ẹ̀dìfóònù yóò gbà? (Kábíyèsí kò nílò rẹ̀, mo mọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìlù ń wá.) Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó di ṣùkú, ẹni tí ó wé gèlè, ọkùnrin tí ó dé fìlà, àgbàlagbà tí ó wọ awò ojú, gbogbo wọn ni tìmùtìmù kì í lẹ̀ mọ́ lórí dáadáa. Ààyè kékeré tí ó ṣí sílẹ̀ ni bééṣì ń gbà sá lọ, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ń gbà wọlé; olúwarẹ̀ á wá yí ohùn sókè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ohùn bá wà ní 80 desibẹ́ẹ̀lì, a kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀, wákàtí á máa dín kù kíákíá. Etí tí ó bá sì fọ́ kò ní onísẹ́ọ́ẹ̀ṣì.

Òyìnbó tí ó ṣe lẹ́ẹ̀dì náà ni ó ṣe ìrésà. Kì í ṣe pé kò sí èyí tí ó dára láàrin owó yìí. Sony MDR-7506 ti wà láti 1991, àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò lágbàáyé sì ń lò ó nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu a máa yọ kedere nínú rẹ̀. Kò ju nǹkan bí 230 gíráàmù lọ lórí. Tìmùtìmù aláṣọ ni Beyerdynamic ti ilẹ̀ Jámánì fi sí DT 770, ó sì ṣeé yọ, ó ṣeé rà lọ́tọ̀ bí ó bá gbó. Àmọ́ bééṣì tirẹ̀ pọ̀ ju bí èmi ti fẹ́ lọ, oríṣi rẹ̀ tí a kọ 250 sí lára kì í sì í fẹ́ gbọ́ràn sí fóònù ọwọ́ lẹ́nu. Okùn Audio-Technica M50x, tí ó jáde ní 2014, ṣeé yọ pààrọ̀, èyí tí kò ṣeé fojú di ní ìlú tí okùn ti ń tètè já. Kò sí èyí tí ó pé nínú wọn. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí òǹtajà kan ní Adó-Èkìtì tí ó sọ irú nǹkan báyìí fún oníbàárà. "Ó ń lù gan-an" ni gbogbo wọn mọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ sí ọjà, ẹ má ṣe gbọ́ orin tí òǹtajà fi sínú fóònù rẹ̀. Ó ti yan èyí tí yóò pa àléébù mọ́. Ẹ mú tiyín lọ. Ẹ mú ohùn ìyá yín tí ń sọ̀rọ̀ lọ, tí ẹ fi fóònù gbà sílẹ̀ ní àgbàlá. Ẹ mú àwo Jùjú Music ti King Sunny Adé lọ, èyí tí ó jáde ní 1982, tí gángan, gìtá àti bééṣì jọ wà nínú rẹ̀, kí ẹ tẹ́tí sí gángan nìkan. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ dé e sórí fún ìdajì wákàtí pẹ̀lú fìlà tàbí gèlè tí ẹ wọ̀ jáde nílé, kí ẹ máa bá òǹtajà tàkúrọ̀sọ lórí iye rẹ̀. Bí ó bá sì ní òun kì í jẹ́ kí ènìyàn já páálí kí ó tó sanwó, ẹ kó owó oṣù méjì yín padà sápò.