Ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì: Kí ẹ tó ra irinṣẹ́, ẹ wo ẹni tó máa gbé ìpè náà

Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti gba àwọn iléeṣẹ́ fóònù láàyè láti fi tó 50% kún owó wọn, ọ̀rọ̀ pípe fóònù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti di ọ̀rọ̀ àpò. Ìpè ìṣẹ́jú kan tó jẹ́ ₦11 tẹ́lẹ̀ lè di ₦16.50 báyìí. Ní Òṣíẹ̀lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, oníṣòwò etí títì Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn, àti ìyá àgbà tọ́mọ rẹ̀ wà lókè òkun, gbogbo wọn ló fẹ́ mọ̀: kí ló yẹ ká rà?

Lójú tiwa, kì í ṣe irinṣẹ́ ẹni tó ń pè ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Ti ẹni tí wọ́n ń pè ni.

Ẹni méjèèjì ló ń náwó

Tẹ́ ẹ bá fi káàdì pe èèyàn, ẹ̀yin nìkan lẹ ń sanwó. Lórí WhatsApp, dátà ń lọ lọ́dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ìpè ohùn lásán kì í sábà jẹ ju mẹ́gábáìtì kan lọ ní ìṣẹ́jú kan. Tẹ́ ẹ bá ra gígábáìtì kan ní ₦800, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò ju bíi ₦8 lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ₦16.50, káàdì á gba ₦165. Ìpè fídíò ní tiẹ̀ máa ń jẹ dátà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n Màmá ò lè ra dátà ₦8. Odindi ni yóò rà, èyí tó ní ọjọ́ tó máa parí. Kí ọmọ tó pè, fídíò táwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ ti lè jẹ ẹ́ tán. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń pè láti London á fi máa rí "Calling" lójú fóònù tí kò ní di "Ringing": fóònù Màmá ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ lọ sí "Storage and data" lórí WhatsApp Màmá, ẹ pa gbígba fídíò fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tan "Use less data for calls".

Irinṣẹ́ wo ló bá ta ni mu?

Fóònù Android ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Kútọ̀, ẹ bèèrè irú Android tó wà lórí ẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni WhatsApp ti kúrò lórí èyí tí kò tó Android 5. Ẹ fi íápíìsì tó ní ibi ìsọ̀rọ̀ kún un.

MiFi tàbí ráútà bá ilé tí èèyàn pọ̀ sí mu. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó ń gba síìmù gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi fóònù dán síìmù náà wò nínú yàrá yín gan-an, torí àpáta àti ògiri tó nípọn máa ń dín agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì kù.

Fún iléèwé, ilé ìwòsàn tàbí hòtẹ́ẹ̀lì, fóònù orí tábìlì tó ń lo wáyà íntánẹ́ẹ̀tì wà. Yàrá sí yàrá ò gba dátà kankan, torí wáyà inú ilé ló ń gbé ohùn. Àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ATA sì lè mú kí fóònù àtijọ́ ayé NITEL ṣiṣẹ́. Àmọ́ láti pe èèyàn níta, ẹ máa nílò iléeṣẹ́ tó máa fún yín ní nọ́ńbà, ẹ ó sì máa sanwó fún wọn.

Bí Màmá bá ń lo fóònù tọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ òkè òkun ló mọ Skype fún èyí, kí Microsoft tó tì í pa ní May 5, 2025. Áàpù mìíràn tó ń pe nọ́ńbà lásán ṣì wà. Ọmọ ló ń sanwó, Màmá ò san kọ́bọ̀, kò sì nílò dátà. Fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, èyí sàn ju kí wọ́n ra fóònù ńlá tí Màmá ò ní lè lò lọ.

Iná, àti ọjọ́ wàhálà

Tí IBEDC bá mú iná lọ, ráútà tó ń lo iná ilé ti kú nìyẹn. Kò gba jẹnẹrétọ̀. Bátìrì kékeré tó ń gbé iná 9 tàbí 12 fóólù lè gbé e fún wákàtí mélòó kan. Ẹ wo ara ṣájà ráútà yín kẹ́ ẹ tó rà á, torí tí fóólù ò bá dọ́gba, ó lè bà á jẹ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: WhatsApp ò lè pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ilẹ̀ wa. Tí iná bá ń jó ilé tàbí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀, síìmù lásán ló máa gbà yín. Ẹ lo íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀rọ̀ gígùn, ṣùgbọ́n ẹ má ju fóònù tọ́ọ̀ṣì nù. Ẹ jẹ́ kó ní iná lára nígbà gbogbo, kẹ́ ẹ sì fi káàdì díẹ̀ sórí ẹ̀.