Iná Kì í Pa Pàǹtí Run

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà, pé pàǹtí tí wọ́n bá ti dáná sun ti parẹ́, àti pé ẹni tí ó sun ún ti tún ọgbà ṣe. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tilẹ̀ máa ń fi iná parí iṣẹ́ ìmọ́tótó kí wọ́n tó ya fọ́tò. Ìgbàgbọ́ yìí ní orísun, kò kàn tọ̀nà mọ́ ni. Nígbà tí ó jẹ́ pé ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ, tí igbá àti ẹní sì jẹ́ ohun èlò ilé, ohun tí ń dé ààtàn kò ju èyí tí ilẹ̀ lè jẹ tán lọ; iná kàn ń mú un yá ni. Ọ̀rá ló da ọ̀rọ̀ rú.

Polyethylene, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, kò ní ju carbon àti hydrogen lọ, nítorí náà bí iná bá gbóná gan-an tí afẹ́fẹ́ sì tó o, carbon dioxide àti omi ni yóò dà. Iná ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì kì í ṣe irú iná bẹ́ẹ̀. Èèpo iṣu tútù àti ẹ̀bà àná ló wà nísàlẹ̀ òkìtì, ọ̀rá ń yọ́ lé wọn lórí, ó ń kán tó-tó-tó, afẹ́fẹ́ kò sì ríbi wọlé. Iná náà á wá máa rú èéfín láti àárọ̀ di ọ̀sán, á máa tú carbon monoxide jáde, ìyẹn gáàsì olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, pẹ̀lú èérún dúdú tí ó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ, tí ó sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Bí PVC, ike tí wọ́n fi ń bo wáyà iná, bá wà níbẹ̀, dioxin tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ lè bá èéfín náà jáde. Aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gba òórùn èéfín náà. Ẹni tí ó sá a ti fà á símú.

Àwọn kan yóò ní pàǹtí tí wọn kò sun ń kó eku àti eṣinṣin jọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ ló ń pè wọ́n, kì í ṣe ọ̀rá. Bí yàrá kọ̀ọ̀kan bá ní garawa méjì, ọ̀kan fún èèpo àti àjẹkù, èkejì fún ọ̀rá àti ike gbígbẹ, àjẹkù yóò di ajílẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ bí wọ́n bá ń fi ewé gbígbẹ bò ó tí wọ́n sì ń yí i, nígbà tí ọ̀rá mímọ́ ní àwọn tí ń fi ìwọ̀n rà á láti yọ́ ọ ṣe ohun mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló lè ṣe ìyàsọ́tọ̀ yìí, nítorí pé bí ọbẹ̀ bá ti ta sí ọ̀rá lára kí ó tó dé ọwọ́ agbálẹ̀, iye rẹ̀ ti já. Níbi tí ọkọ̀ tí yóò wá kó pàǹtí kò bá sí, ọkọ̀ náà ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, kí wọ́n tó máa wá ìṣáná kiri.