Ẹ̀kọ́ Ni, Kì í Ṣe Ẹ̀kọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí mo fẹ́ wò lónìí kò jìnnà. Ilé tiwa gan-an ni. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀ka wa yóò rí pátákó kan lókè ilẹ̀kùn. Igi ni wọ́n fi ṣe é, ẹ̀rọ ni wọ́n fi gbẹ́ lẹ́tà sí i, wọ́n fi fánííṣì pa á, ó sì ń dán. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni EKA EKO YORUBA. Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ yìí, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń wọlé, ọmọ kékeré kan tó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá dúró sábẹ́ pátákó náà, ó sì ń kà á sókè. Ó dúró díẹ̀, ó wá bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Ṣé ibí ni wọ́n ti ń ta ẹ̀kọ ni, àbí ibí ni wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Èkó?" Gbogbo àwa tí a wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yàrá mi, ẹ̀rín náà korò lẹ́nu mi. Ọmọ náà kò ṣì í kà. Ohun tí a kọ ni ó kà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹjọ́ tí mo gbé wá síwájú yín nìyí: pátákó onígi tí a kọ Yorùbá sí láìsí àmì, irọ́ tí a gbẹ́ sára igi ni. Ó sì burú ju irọ́ orí bébà lọ, nítorí pé bébà yóò ya, ṣùgbọ́n igi ìrókò lè pẹ́ ju ẹni tó gbẹ́ ẹ lọ. Gbogbo àwíjàre tí a ń wí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a lè rí i pé kò sí èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú wọn.

N kò sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró lókèèrè. Kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí, ọdún méjì gbáko ni mo fi kọ́ṣẹ́ ní ìsọ̀ tí a ti ń gbẹ́ pátákó fún àwọn oníbàárà: orúkọ ilé, orúkọ ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, títí kan oyè àwọn ìjòyè. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó kọ́kọ́ wá pákó tó ti gbẹ dáadáa, nítorí pé pákó tútù yóò tẹ̀, yóò sì là bí ó bá rí oòrùn. Ìrókò àti apá ni ó yẹ fún ìta, nítorí pé ikán kì í tètè rí wọn jẹ. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n inú ilé ni ààyè rẹ̀. A ó kọ ọ̀rọ̀ oníbàárà sórí bébà ní ìwọ̀n tí yóò jẹ́ lára pákó, a ó dà á kọ sára igi, lẹ́yìn náà ni a ó gbé ráútà, ẹ̀rọ àfọwọ́dìmú tí irin ẹnu rẹ̀ ń yí bí òòyì, a ó sì máa tọ ojú ìlà náà lọ. Ọ̀nà méjì ni ó wà. Bí a bá gbẹ́ lẹ́tà fúnra rẹ̀ wọnú igi, lẹ́tà oníkòtò nìyẹn. Bí a bá sì gbẹ́ gbogbo ilẹ̀ tó yí lẹ́tà ká kúrò, tí lẹ́tà nìkan yọ sókè, lẹ́tà ayọrí nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn.

Ní ọdún kejì mi níbẹ̀, bàbá kan wá bá wa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Kano sí Èkó. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti fi ohun tó kó jọ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin. Ó ní kí a gbẹ́ ILÉ ÒÓGÙN sí pátákó tí òun yóò gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà, nítorí pé òógùn ojú òun ni òun fi kọ́ ọ. Mo kọ ọ́ sórí bébà pẹ̀lú àmì rẹ̀ pípé. Ọmọ bàbá náà, ẹni tó kàwé dáadáa, wò ó, ó ní, "Ẹ lé gbogbo ẹyẹ tó bà sórí lẹ́tà yìí kúrò. Ó dà bí ìwé àwọn ọmọ aláákọ́bẹ̀rẹ̀." Ọ̀gá mi ní ẹni tó lówó ló ni iṣẹ́. Mo yọ àmì náà. Lẹ́tà ayọrí ni wọ́n fẹ́. A gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kúrò, a fi fánííṣì pa á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wu ojú.

ILE OOGUN. Kí ni ẹni tí kò mọ ìtàn bàbá yìí yóò kà níbẹ̀? Ilé oògùn ni yóò kà. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, àwọn kan ní àdúgbò ti ń yẹra fún ilé náà, àwọn mìíràn sì ń wá béèrè àgúnmu. Lóru ọjọ́ kan, obìnrin kan gbé ọmọ tí gìrì mú wá kan ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ bàbá pé kí wọ́n gba òun. Ó ti gba iwájú ilé ìwòsàn ìjọba kọjá kí ó tó dé ibẹ̀, nítorí pé ilé oògùn ni àwọn kan júwe fún un. Bàbá gbé ìyá àti ọmọ sínú ọkọ̀, ó sáré gbé wọn padà sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run yọ wọ́n. Ọmọ náà yè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá gbé pátákó náà wá sí ìsọ̀ wa, ó fi í lélẹ̀ níwájú mi. Kò bínú. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, òógùn mi ni mo ní kí ẹ kọ. Ta ló sọ ọ́ di oògùn?" N kò rí èsì fọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

Mo gbèrò láti fi àmì kún un. Kò ṣeé ṣe. Lẹ́tà ayọrí ni. Igi tí à bá fi ṣe àmì ni a ti gbẹ́ dànù, ó ti bá ẹ̀rún igi lọ. A ní láti fi pákó tuntun ṣe òmíràn lówó ara wa. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí ìwé kankan kò tíì kọ́ mi: àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a ń fi kún ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí a bá kọ ọ́ tán. Ara ọ̀rọ̀ ni. Bí a kò bá fi àyè sílẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, a ti gé e dànù nìyẹn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn tó ń ta kò wá. Àwọn kan ń wí pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí a ń wí láìsí àmì. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Bí mo bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé "mo je eko pelu akara," kò sí ẹni tí yóò rò pé ìlú Èkó ni mo jẹ. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e ni ó ran òǹkàwé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n pátákó kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré ni ó ń dá dúró lójú pópó, tí àlejò àti onílé jọ ń kà. ILE AYO: ṣé ilé ayọ̀ ni, àbí ilé tí wọ́n ti ń ta ayò? Ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti ní ẹlẹ́rìí, àmì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Àwọn mìíràn gbà pé kí a fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a fi àmì ohùn sílẹ̀. Èmi yóò bi wọ́n léèrè: nínú òógùn àti oògùn, èwo ni ó ní àmì lábẹ́? Kò sí. Ohùn nìkan ni ó ya òógùn bàbá awakọ̀ kúrò lára oògùn oníṣègùn. Ẹni tó bá yọ ohùn kúrò nínú Yorùbá ti yọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kúrò.

Àwọn oníṣẹ́ ní tiwọn ń ráhùn pé iṣẹ́ náà nira. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ẹgbẹ́ wọn ni mí, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ibi tó nira nínú lẹ́tà ni inú O àti inú A, níbi tí igi àárín ti lè fò bí ọwọ́ bá yẹ̀. Àmì abẹ́ lẹ́tà oníkòtò kò ju pé kí a ti irin ẹ̀rọ sínú igi lẹ́ẹ̀kan, kí a sì fà á jáde. Nínú lẹ́tà ayọrí, òótọ́ ni pé àmì kékeré tó dá dúró lè fò. Nítorí náà a ó fà á kan ìdí lẹ́tà, yóò sì dúró gbọn-in. Ẹ má sì gbàgbé pé a kì í fi àmì sórí ohùn àárín. Ìlà kéékèèké mẹ́rin péré ni ILÉ ÒÓGÙN ń béèrè. Pátákó ẹ̀ka wa ní lẹ́tà méjìlá. Àmì ohùn márùn-ún àti àmì abẹ́ lẹ́tà mẹ́ta ni ó kù ú kù. Nítorí àmì mẹ́jọ ni a ṣe ń ta ẹ̀kọ lójú ọmọdé!

Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tẹ pátákó onírọ́bà lè wí pé àmì kò sí lára bọ́tìnnì òun. Kí ni ti ẹni tó ń fi ọwọ́ gbẹ́gi? Ọwọ́ kò ní bọ́tìnnì. Ohunkóhun tí ojú bá rí lórí bébà ni ọwọ́ lè gbẹ́. Nínú gbogbo àwọn tó ń kọ Yorùbá síta, agbẹ́gi ni àwíjàre rẹ̀ kéré jù.

Ó wá ku àwọn tó ń sọ pé àmì ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dà bí ti ọmọdé. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Faransé ń fi àmì sórí lẹ́tà rẹ̀, Jámánì náà ń fi sórí tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń pè wọ́n ní ọmọ aláákọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìbátan wa ní orílẹ̀-èdè Benin ń lo ɛ àti ɔ níbi tí àwa ti ń lo ẹ àti ọ, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé lẹ́tà tó yàtọ̀ ni. Ọdún 1875 ni àwọn ìjọ C.M.S. ti pe ìpàdé ní Èkó lórí bí a óò ṣe máa kọ èdè yìí. Ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ OFFA àti OSHOGBO ni à ń rí lójú títì, kì í ṣe Ọ̀fà àti Òṣogbo. Ta ni ó yẹ kí ó tún un ṣe, bí kì í bá ṣe àwa tí a ń fi àkọtọ́ náà gba ìwé ẹ̀rí?

Ẹ wo àwọn baba wa nínú iṣẹ́ igi. Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ẹni tó kú ní ọdún 2009, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé ní ibi iṣẹ́ ọnà tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947. Ìpele mẹ́rin ni irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ń là kọjá kí ère tó di ère. Ọnà lílé ni ìgbà tí àáké bá la ìrísí rẹ̀ jáde. Àlétúnlé ni ìgbà tí orí, apá àti ẹsẹ̀ bá ń hàn. Dídán tẹ̀ lé e. Ìkẹyìn ni fífín, nígbà tí ọ̀bẹ mímú bá fa ilà ojú, tí ó sì di irun orí. Kò sí ọ̀gá tí yóò dán ère tán, tí kò ní fín in, tí yóò wá gbé e fún oníbàárà. Àmì ohùn ni fífín ọ̀rọ̀. Pátákó tí kò ní àmì, ère tí kò tíì parí ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Èkíní, kí a sọ pátákó ẹnu ọ̀nà wa kalẹ̀ kí sáà yìí tó parí. Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá bá ra pákó apá kan, èmi yóò gbẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì, kí olúkúlùkù wa tó bá lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ yà sọ́dọ̀ agbẹ́gi àdúgbò rẹ̀, kí ó sì bá a fi àmì sí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó kan igi. Ẹ̀kẹta, kí àwọn olùkọ́ wa pe àwọn oníṣẹ́ ìlú wá ní ọjọ́ Sátidé kan, kí wọ́n kọ́ wọn ní àkọtọ́, kí àwọn náà sì fi irin àti igi hàn wá.

Ọ̀gá mi ṣì wà ní ìsọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti ṣe pátákó bàbá awakọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kì í gba ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́wọ́ oníbàárà mọ́ láìsí àmì. Bí ẹni náà bá kọ̀, a máa ní kí ó gbé owó rẹ̀ lọ. Ọ̀gá mi kò ka ìwé kọjá Ìwé Mẹ́fà. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni ni àwa ń wá. Kí ni a ó wí bí ó bá wá bẹ̀ wá wò, tí ó sì gbójú sókè sí ẹnu ọ̀nà wa?